Ṣé yìgì ti tú báyìí?

Ẹ̀yin àáfà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde là ń gbé. Ọkọ àbúrò mi fi ìbínú kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Mo kọ̀ ẹ́, mo kọ̀ ẹ́, mo kọ̀ ẹ́." Àbúrò mi ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ nígbà náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọkọ ra ìkọ́kọrẹ́ wá, ó ní eré lòun ń ṣe. Irú eré wo nìyẹn?

Àáfà kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta ti pé, kò lè padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́, àfi tó bá kọ́kọ́ fẹ́ ọkọ míì. Òmíràn ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ibn Taymiyya, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ayé àtijọ́, ka irú rẹ̀ sí. Ìlànà Màlíkì, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin Ìsìláàmù, là ń tẹ̀ lé níbí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ń kà á. Ti nǹkan oṣù yẹn ńkọ́? Ṣé ó ba ìkọ̀sílẹ̀ náà jẹ́ ni, àbí ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ nìkan ni? Ìyá wa ti ní kó padà sílé ọkọ lálẹ́ òní.