Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ṣì máa dúró de ọkọ̀ ogun Eagle 1/16 ni àbí kí n fọwọ́ ara mi kàn án?

Ọmọ Ṣójà Leeds

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ka èyí tán, ẹ rín in, kò burú, ẹ ṣáà dá mi lóhùn.

Mo ti lé lógójì ọdún, Leeds ni mò ń gbé, mo sì ń fi ọkọ̀ ogun onírìmóòtù ṣeré. Kì í ṣe wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà fọ́mọdé lásìkò Kérésì o, èyí tó tóbi ni, 1/16, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá to mẹ́rìndínlógún irú ẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, gígùn wọn á dọ́gba pẹ̀lú ti gidi kan. Mo ní méjì nílé, Tiger ti Jámánì kan àti Pershing ti Amẹ́ríkà kan, Heng Long, ilé iṣẹ́ Ṣáínà, ló ṣe méjèèjì, tòkunbọ̀ ni Pershing yẹn, ṣéènì ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti já nígbà tí mo rà á. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ ra táǹkì, ó ní ṣé omi ti wọ́n ní Leeds ni.

Ohun tó ń dùn mí gan-an rèé. Ṣójà ni bàbá mi, ara àwọn tó ń wa ọkọ̀ ogun ni wọ́n, Bauchi ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Vickers Mk 3 ni wọ́n ń wà, èyí tí àwọn ṣójà wa ń pè ní Eagle. Ilẹ̀ òyìnbó níbí náà ni wọ́n ti ṣe é, ní Newcastle, ó wọ Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1980. Ìbọn 105mm ló wà lórí ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti Amẹ́ríkà ni, Detroit Diesel, agbára ẹṣin 720. Bàbá mi ti lọ ní 2019. Fọ́tò kan ló kù lọ́wọ́ mi, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ tì í bí ẹni tó fara ti kọ́ńtà ilé ọtí, pín-ìn-nì tí wọ́n fi há fọ́tò náà mọ́ ìwé ti dógùn-ún, àbàwọ́n ẹ̀ sì ti bo táyà méjì iwájú.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń retí kí ilé iṣẹ́ kan mú Eagle jáde ní 1/16, kódà kó jẹ́ Mk 1 tó ṣáájú ẹ̀ ni, màá tún un ṣe fúnra mi. Kí ni wọ́n ń mú jáde? Tiger. Tí kì í bá ṣe Tiger, àbúrò Tiger ni. Tamiya, ilé iṣẹ́ Jàpáànù, ní Tiger, wọ́n ní King Tiger, Panther, Jagdpanther, Pershing, Sherman, KV, Leopard 2A6, Type 10 ti àwọn ará Jàpáànù, Abrams. Mo fẹ́ràn wọn o, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n Tiger I tí àwọn Jámánì ṣe nígbà ogun gan-an ò ju bí 1,350 lọ, èmi nìkan sì ti ka oníke tó ju ogún lọ nínú pápá kan lọ́jọ́ kan. Mo lọ wo Tiger 131 ní mùsíọ́ọ̀mù Bovington, èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Jámánì ní Tùnísíà ní 1943, mo ya fọ́tò ẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n nínú mọ́tò nígbà tí mò ń bọ̀, Eagle ni mò ń rò.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n ṣì máa retí? Tí mi ò bá ní retí mọ́, èwo nínú àwọn tó wà lọ́jà ni kí n gé tí á di Eagle? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n ra Tiger kejì.

Bọ̀dá Gíábọ́ọ̀sì (Houston)

Àbúrò, má retí o. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nínú eré yìí. Ike yẹn, inú mọ́ọ̀dù irin ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ irin yẹn, owó ńlá ló ń jẹ, àfi tí wọ́n bá ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí owó yẹn tó wọlé padà. Èèyàn mélòó ló mọ Eagle? Àwa, àti àwọn ará Kenya tí àwọn náà rà á, ó tán. Tiger ńkọ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Brazil mọ̀ ọ́n. Oníṣòwò ni wọ́n, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra wa.

Ohun mìíràn tó o gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé tí wọ́n bá ti ní ìdí ọkọ̀ kan, ìyẹn ara ìsàlẹ̀ láìka orí tó ń yí, wọ́n á fi ìdí yẹn náà ṣe oríṣi méjì mẹ́ta. Ìdí Panther ló di Jagdpanther, ìdí KV-1 ló di KV-2. Eagle ò ní mọ̀lẹ́bí kankan nílé wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro.

Ìyá Ìbejì Peckham

Mo kàn ń kọjá lọ ni tèmi o 😂 Ṣùgbọ́n èló ni nǹkan yìí, ẹ jọ̀ọ́? Torí ọkọ mi ń ka èyí lẹ́yìn mi, ojú ẹ̀ sì ń tàn.

Ọmọ Ṣójà Leeds

Mummy Ìbejì, ẹ kúrò níwájú fóònù yẹn kíá. Heng Long, wọ́n á ti tò ó tán dé ilé yín, bátìrì nìkan lẹ máa ki sí i. Tamiya, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ yín tò ó, ọjọ́ bíi mélòó kan, owó ọ̀kan á sì gbé Heng Long mẹ́ta mì. Ẹ má jẹ́ kó ka ìlà tó kẹ́yìn.

Alùmínì Abẹ́òkúta

Bọ̀dá mi, kí lẹ ń wá kiri nígbà tí Pershing wà lọ́wọ́ yín? Ó ní táyà mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, Eagle ní mẹ́fà. Ẹ̀yìn ni Pershing ti ń fa ṣéènì, ẹ̀yìn ni Eagle náà ti ń fà á. Ẹ gé orí ẹ̀ kúrò, ẹ kan orí tuntun, ẹ fi ọ̀dà kùn ún, ó parí, ta ló máa bẹ̀rẹ̀ síí wọn ọ́n?

Ọmọ Ṣójà Leeds

Èmi ni màá wọn ọ́n o, egbò mi sì nìyẹn. Mo ti wọn ọ́n tán. Ara Eagle láìka ìbọn jẹ́ nǹkan bíi mítà 7.56, tá a bá pín in sí mẹ́rìndínlógún ó di sẹ̀ntímítà 47, ti Pershing ò ju 40 lọ, ìyẹn ni pé ó kúrú pẹ̀lú sẹ̀ntímítà méje, ẹ tún wo fífẹ̀, Eagle ò tó sẹ̀ntímítà 20, Pershing fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 22, ó kúrú ó tún sanra, tí mo bá sọ pé Eagle ni, bàbá mi á dìde níbi tí wọ́n sùn sí. Àti pé rólà òkè tí ṣéènì ń gbà kọjá, mẹ́ta ni ti Eagle, márùn-ún ni ti Pershing.

Fìlà Gọ̀bì

Walker Bulldog ti Heng Long ńkọ́? Fífẹ̀ ẹ̀ bá ti Eagle mu gẹ́lẹ́, sẹ̀ntímítà 20.

Alùmínì Abẹ́òkúta

Táyà márùn-ún ni Bulldog ní, gígùn ẹ̀ sì jẹ́ 36. Ẹ̀yin náà ẹ wọn ọ́n kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ 😂

Fìlà Gọ̀bì

Ṣé ìwọ tó ní ta ló máa wọn ọ́n náà rèé? Kò burú, mo gbà. Ṣùgbọ́n mo ní ohun tó dáa jùyẹn lọ fún Ọmọ Ṣójà. Newcastle ni mò ń gbé, àwọn ìwé àtijọ́ ilé iṣẹ́ Vickers wà níbí, ní Tyne and Wear Archives, inú ilé Discovery Museum ni. Kọ̀wé sí wọn kó o tó wá, sọ ohun tó ò ń wá gan-an, wọ́n á wò ó bóyá wọ́n ní dírọ́ìn tàbí fọ́tò Mk 3. Má kàn gbọ́kọ̀ ojú irin wá láìsọ fẹ́nikẹ́ni bí mo ṣe ṣe nígbà kan, mo jókòó sí bẹ́ǹṣì ìta mo jẹ sáńwíìṣì mo padà sílé. Tó o bá ń bọ̀, sọ fún mi, màá se ìrẹsì.

Rẹ́wáyà Ikeja

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé gígé ọkọ̀ odidi. Inú ẹ̀ lẹ nílò. Gíábọ́ọ̀sì méjèèjì, bọ́ọ̀dù iná tó ń darí ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yí orí ẹ̀, spíkà, táyà, ṣéènì, wọ́n ń ta gbogbo ẹ̀ ní páàtì páàtì, tí Pershing yín bá sì ti gbó ẹ tú u. Ìdí ọkọ̀ ẹ kàn án fúnra yín pẹ̀lú pátákó ike funfun tí àwọn tó ń ṣe sáìnbọ́ọ̀dù máa ń gé, kó nípọn 5mm, ìsàlẹ̀ ibi tí gíábọ́ọ̀sì jókòó lé ẹ fi alùmínì sí i torí ike yẹn á rọ̀ tí mótò bá gbóná. Mo mọ̀, torí mo ti ṣe é, ó rọ̀, gíà kan bẹ̀rẹ̀ síí ké bí adìẹ, mo rò pé bọ́ọ̀dù ló jó, mo lo ọjọ́ méjì lórí bọ́ọ̀dù tí nǹkan kan ò ṣe.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra bọ́ọ̀dù tuntun, èyí tó ń fi iná infrared tí ojú ò lè rí yìnbọn ni kẹ́ ẹ mú, ẹ fi èyí tó ń yin kóró ike sílẹ̀. Kóró yẹn 6mm ni, ojú ọmọdé ò le gbà á. Infrared ló sì dùn láti fi bára wọn jà, nínú ti Tamiya, ọkọ̀ fífúyẹ́ á kú lẹ́yìn ìbọn mẹ́ta, èyí tó wúwo á gba mẹ́sàn-án kó tó kú. Bátìrì lithium, ẹ má fi sínú ẹrù tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e, wọ́n á dá a padà.

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Ọmọ Ṣójà, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá rẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Mo wọ Eagle yẹn rí, lọ́sàn-án Bauchi inú rẹ̀ gbóná bí ààrò búrẹ́dì. Mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn kan, má bínú sí i. Má fi Eagle bẹ̀rẹ̀. Fi Scorpion, ọkọ̀ ogun kékeré yẹn, bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ara Scorpion, pẹrẹsẹ pẹrẹsẹ ni gbogbo rẹ̀, alùmínì ni wọ́n fi jó o pọ̀, orí rẹ̀ náà pẹrẹsẹ, rúlà àti ọ̀bẹ lo máa fi gé e. Iwájú orí Eagle, irin tí wọ́n yọ́ dà ni, ó rí roboto bí ìkòkò, níbẹ̀ lo ti máa sunkún. Scorpion náà jẹ́ tiwa, àwọn ṣójà wa lò ó, ìbọn 76mm.

Ẹ̀kejì, tó o bá kọ nọ́ńbà ológun sí i lára, má gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà bárékè kankan ní Nàìjíríà láti ya fídíò. Ẹni tó bá dúró sí géètì ò ní mọ̀ pé bàbá rẹ lò ń rántí.

Rẹ́wáyà Ikeja

Ẹ ṣé sà. Ṣùgbọ́n Scorpion 1/16, sẹ̀ntímítà 14 ni gbogbo fífẹ̀ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá yọ ṣéènì méjèèjì kúrò, àárín ẹ̀ ò tó 9. Gíábọ́ọ̀sì Heng Long ò lè wọ ibẹ̀ láéláé. Ó máa jẹ́ mótò kékeré tó ní gíà lára, àwọn 25mm yẹn, iwájú ni Scorpion sì ti ń fa ṣéènì, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì

Ìyẹn dọwọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iná. Èmi, ìbọn ni mo mọ̀.

Ìyá Ìbejì Peckham

Èmi náà fẹ́ sọ̀rọ̀ gidi báyìí. Ọmọ Ṣójà, màmá yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti bi wọ́n bóyá fọ́tò mìíràn wà? Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ óò wá fọ́tò dé Newcastle kẹ́ ẹ tó bi màmá yín.

Bọ̀dá Gíábọ́ọ̀sì (Houston)

Ó ti pa wá 😂

Ọmọ Ṣójà Leeds

Ẹ gbọ́ o, mo pe màmá mi lálẹ́ àná, orí fídíò. Mo ní mò ń wá fọ́tò ọkọ̀ tí dádì ń wà. Wọ́n ní èwo, èyí tó bà wọ́n létí jẹ́ yẹn? Àṣé ìdí tí tẹlifísọ̀n fi máa ń pariwo dé òpópónà nílé wa nìyẹn, láti kékeré mo rò pé àgídí ni. Wọ́n tú àpótí, wọ́n gbé fóònù sórí fọ́tò kan, gbogbo ẹ̀ dúdú, mo ní mọ́mì ìka yín ló wà níbẹ̀, wọ́n yọ ìka, ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ náà ló jáde kedere látiwájú dẹ́yìn, táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé, rólà mẹ́ta lókè, aṣọ ẹnì kan wà lórí ìbọn tí wọ́n sá.

Sájẹ́ǹtì sà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, òótọ́ ni, Scorpion ló rọrùn jù. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò wa Scorpion. Rẹ́wáyà, tìrẹ ni mo máa ṣe, màá tú Pershing, màá kan ìdí ẹ̀ fúnra mi, orí roboto yẹn màá fi búlọ́ọ̀kù fóòmù gbẹ́ ẹ títí á fi jọ ọ́. Fìlà Gọ̀bì, mo ti kọ̀wé sí wọn, fi ata díẹ̀ sí ìrẹsì yẹn.

Páálí ni mo fi gé ìdí ẹ̀ wò lónìí, 47 nígbà 20, mo gbé e sórí tábìlì oúnjẹ. Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní ológbò ta ló kú.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ bá mi kí ìyàwó o. Ọkọ mi ní kí n bi yín pé Tiger yẹn, ṣé ẹ máa tà á?