Ajá mi ń ju ìrù, síbẹ̀ ó bu àlejò jẹ

AlájáTuntun béèrè:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ti ń sin ajá tipẹ́. Ó di oṣù keje báyìí tí mo ti gba abo ajá kan sọ́dọ̀, ọmọ ọdún méjì ni, mo sì rò pé mo ti mọ ìwà rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àlejò kan wọlé, ajá dìde láìgbó, ó na ìrù sókè, ó sì ń jù ú, ni mo bá sọ fún àlejò pé kí ó fọwọ́ pa á lórí nítorí pé inú rẹ̀ ń dùn. Bí ọwọ́ ṣe kan orí báyìí ni ó bù ú jẹ. Ọgbẹ́ náà kò jìn, a ti fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́, dókítà ti wò ó, ajá náà sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí gidigidi. Ṣé ìrù ajá máa ń purọ́ ni?

Mo tún fẹ́ mọ ìdí tí ó fi máa ń yí po lójú kan kí ó tó sùn, tí ó fi ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ha ilẹ̀ lẹ́yìn tó bá tọ̀, àti ìwúlò èékánná kékeré tó wà lókè ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀.

ÌyáAjáMẹ́ta fèsì:

Ẹ kú ewu o, ẹ bá wa kí àlejò yín. Ìrù kò purọ́, àwa èèyàn ni a sọ ọ́ di ẹ̀rín. Ohun tí ìrù ń sọ ni pé nǹkan kan ti ta ajá jí, yálà ayọ̀ ni, ìbẹ̀rù ni, tàbí ìbínú. Bí inú ajá bá dùn lóòótọ́, ìrù rẹ̀ a rọ̀, yóò máa fì í débi pé ìdí rẹ̀ pàápàá yóò máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n ìrù tó nà ró ṣánṣán bí ọ̀pá, tó ń gbọ̀n wéréwéré, tí ara ajá sì le gbagidi, ìkìlọ̀ ni. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí kan ní Ítálì tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ajá 30 jáde, wọ́n sì rí i pé ìrù máa ń fì sí ọ̀tún jù nígbà tí ajá bá rí olówó rẹ̀, tí ó sì ń fì sí òsì jù nígbà tí ó bá rí ajá àjèjì tó lágbára. Èmi kò gbà yín níyànjú pé kí ẹ máa wọn ọ̀tún àti òsì, nítorí kí ẹ tó wọ̀n ọ́n tán, eyín ti wọlé. Ojú àti ẹnu ni kí ẹ máa wò.

Akọ ajá mi kan wà tí kì í kùn rárá. Bí ara rẹ̀ kò bá gba nǹkan, ńṣe ni yóò pa ẹnu tó ti yà sílẹ̀ dé lójijì, yóò lá imú lẹ́ẹ̀kan, yóò yí orí díẹ̀, funfun ojú rẹ̀ yóò sì yọ ní ẹ̀gbẹ́ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ajá tó ń kùn sàn jù ú lọ, nítorí náà ẹ má ṣe na ajá nítorí pé ó kùn, kí ó má baà di pé yóò máa buni jẹ láìkìlọ̀. Bí àlejò bá tún dé, kí ó dúró jẹ́ẹ́, kí ajá fúnra rẹ̀ wá gbóòórùn rẹ̀, kí ó sì ti igbá-àyà bẹ̀rẹ̀ bí ó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ẹsẹ̀Mẹ́rin fèsì:

Yíyí po yẹn, àbùdá ni, ẹ má ṣe da ara yín láàmú, àfi tí ó bá ń yí ṣáá tí kò lè dùbúlẹ̀, nítorí oríkèé lè máa dùn ún. Ní ti ilẹ̀ tó ń ha, kì í ṣe pé ó fẹ́ bo ìtọ̀ mọ́lẹ̀ bíi ológbò. Ẹsẹ̀ ajá ní òórùn tirẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ náà ni ó sì ti ń làágùn. Bí ó bá ha ilẹ̀, ó ti fi òórùn ẹsẹ̀ kún ti ìtọ̀ nìyẹn. Èékánná òkè dà bí àtàǹpàkò, ó máa ń fi di eegun mú. Nítorí pé kì í kanlẹ̀ nígbà tí ajá bá dúró, kì í jẹ bí àwọn yòókù, ó sì lè gùn títí yóò fi ká wọ inú ẹran, nítorí náà ẹ máa gé ṣóńṣó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má ṣe dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà.

ArìnrìnÀṣálẹ́ fèsì:

Ọ̀rọ̀ ÌyáAjáMẹ́ta dára, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ìrù nìkan ló ṣàlàyé rẹ̀. Ajá tí kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí, tí ó wá bu ẹni tó fọwọ́ kan orí rẹ̀ jẹ, ẹ kọ́kọ́ wo etí rẹ̀. Ihò etí ajá máa ń sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó yà wọnú, ìdọ̀tí àti omi kì í sì í tètè jáde níbẹ̀. Ṣé ó máa ń gbọn orí? Ṣé etí náà ń rùn?

AlájáTuntun fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká etí òsì rẹ̀ sókè tán ni, inú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń rùn bí ìwúkàrà tó ti kan. Kí n tó fọwọ́ kan ìdí etí náà, ó pa ẹnu dé, funfun ojú rẹ̀ sì yọ ní ẹ̀gbẹ́. Mo yára fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni a ó jí sí lọ́la.