Ṣé kí n san £900 kọ́ AI?

Ọmọ Kàbà, Leeds: Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe níbí. Ẹnìkan ní tí n ò bá tètè kọ́ AI, ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé, tó ń dáhùn ìbéèrè bí èèyàn, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi. £900 ló ń gbà, oṣù mẹ́ta. Mo fẹ́ yọ ọ́ nínú owó ilé tí mò ń kọ́ sí Kàbà. Kí lẹ rí sí i?

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú, Birmingham: Ọ̀kun, àbúrò. Má fọwọ́ kan owó búlọ́ọ̀kù o! Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Níbi tiwa, a máa ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ẹ̀rọ á bá wa kọ ìròyìn ojúmọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní bàbá kan jẹ ṣíbí mẹ́ta, ó lóun ò jẹ mọ́. Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé bàbá jẹun dáadáa! Èmi tí mo mú ṣíbí lọ́wọ́ ni mo rí i. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì máa ka ohun tó bá kọ kí o tó fi ránṣẹ́. Má sì kó orúkọ tàbí àìsàn ẹnikẹ́ni sínú ChatGPT (AI tí a ń bá sọ̀rọ̀) orí fóònù rẹ. Ìyẹn lè lé èèyàn níṣẹ́ kí AI tó dé ibẹ̀.

Ọmọ Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, Jámánì: Bi ọ̀gá rẹ ná. Òfin AI ti European Union ní láti 2 Oṣù Kejì 2025, ilé iṣẹ́ tó bá ń lo AI gbọ́dọ̀ mójú tó o pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lò ó ní òye rẹ̀. Owó wọn ni mo fi kọ́ tèmi, lásìkò iṣẹ́.

Ọmọ Kàbà, Leeds: Òfin yẹn ò dé England.

Ọmọ Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, Jámánì: Mo mọ̀. Ṣé wọ́n ń gbowó ìbéèrè ni?

Ọmọ Ìyàrà, Toronto: Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe ẹ̀rọ AI jáde, Python (èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà) àti ìṣirò ni yóò kọ́, oṣù mẹ́ta ò sì tó o. Àwa yòókù, ẹ̀kọ́ Elements of AI tí Yunifásítì Helsinki gbé jáde ní 2018 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni.

Mọ́mì Ẹ̀gbẹ̀, Houston: Èmi ní kí AI bá mi kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi nílé, ní èdè Ọ̀kun wa. "Ẹ káàárọ̀ mà" ló fi bẹ̀rẹ̀, dípò "Ọ̀kun"! Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ Ìbàdàn wo ló ń kí òun.

Ọmọ Kàbà, Leeds: 😂 Ẹ ṣé o. Mo ti kọ̀wé sí mánéjà. Owó búlọ́ọ̀kù ń lọ sílé lọ́la.