Èéfín agbolé ń ṣe ìyá ọkọ mi: ẹnu wo ni màá fi sọ ọ́ fún baálé?

Ìyàwó Ilé, Kétu
Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, ẹ̀yin ará. Ìyá ọkọ mi kò mu sìgá rí, ṣùgbọ́n gàrí ni wọ́n fi tọ́ ọmọ: ó lé ní 30 ọdún tí wọ́n fi jókòó ti agbada lórí iná igi. Lọ́dún tó kọjá, dókítà ní BPCO ni, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í lọ. Ọ̀nà èémí wọn ti bàjẹ́, kò sì ní padà sí bó ṣe wà. A ti gbé wọn kúrò nídìí iná, gáàsì ni mo fi ń dáná báyìí.

Iná tó kù kì í ṣe tiwa. Pápá ń jó yí ìlú ká, màjàlà ń já sórí aṣọ tí a sá. Èyí tó burú jù ni ti baálé agbolé wa. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wọ́n á gbá ewé máńgòrò àti ọ̀rá omi jọ, wọ́n á ṣáná sí i, lábẹ́ fèrèsé Ìyá gan-an. Kí n tó rin ẹnu, Ìyá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkọ mi wà ní Kútọnù, ìparí oṣù ló ń wálé. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Tiyín sàn. Níbí, àwọn ọdẹ ló ń ti iná bọ pápá nítorí ọ̀yà, ta lẹ máa kúnlẹ̀ fún? Ẹ fún Ìyá ní epo pupa ṣíbí kan láràárọ̀, á fọ èéfín náà.

Nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, epo kọ́. Ikùn ni epo ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín wọ̀. Bí ẹni tó ń wúkọ́ bá sì gbé epo mì, tó ṣìnà, àìsàn mìíràn nìyẹn.

Ìyàwó Ilé, èéfín tójú rí kọ́ ló burú jù. Ẹ̀yà rẹ̀ tó ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró kéré débi pé irun orí kan fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po 30. Ìborùn tí a rẹ sómi ò lè sẹ́ ẹ. Ìbomú FFP2 lè sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n èémí máa ń nira lábẹ́ rẹ̀, ẹ bi dókítà Ìyá ná.

Ẹ gbé ibùsùn wọn lọ sí yàrá tó jìnnà sí iná. Ẹ ti fèrèsé kí ilẹ̀ tó mọ́, bí èéfín bá lọ tán, ẹ ṣí i. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Òtútù lè mú yín fẹ́ gbé ẹyín iná wọlé kí Ìyá lè yá a. Láéláé! Nínú yàrá tí a tì pa, ó ń pa èèyàn lójú oorun, òórùn kankan ò ní ta sí yín.

Bí Ventoline, oògùn èémí tí à ń fín sẹ́nu, bá ń kù sẹ́nu wọn, ẹ mú ike omi 500 ml tó mọ́, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí ẹnu Ventoline há síbẹ̀ gírígírí. Kí Ìyá fẹnu sí ọrùn ike, ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n rọra fà á sínú. Bí wọn ò bá lè parí gbólóhùn kan, tàbí tí ètè wọn ń dúdú bí aró, ilé ìwòsàn ní kíá, ẹ má dúró de ọkọ.

Ìyá Àgbà, Kétu
Ọmọ mi, má fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Baálé yín ò burú, ejò àti àkekèé ni wọ́n ń sá fún nínú ewé. Jí ṣáájú wọn. Gbá ewé náà, kó o sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé. Kí ni wọ́n á wá sun?

Ìyàwó Ilé, Kétu
Mo ti ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá sùn di aago méje lánàá! Baálé bi mí pé ta ló ń gbálẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni. Wọ́n súre fún mi, wọ́n ní kí n máa gbá iwájú ilé tiwọn náà. Ọ̀rá omi nìkan ni wọ́n ṣì ń sun.