Lórí «ìwọ̀nú»: ohùn ìsàlẹ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi,

Ẹni tó kọ̀wé lánàá dá a lábàá pé kí ìwé ìbéèrè kékeré tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń wádìí bí ọkàn òṣìṣẹ́ ti rí máa jẹ́ «ìwọ̀nú», láti ara ì-, wọ̀n àti inú. Mo kan sáárá sí akitiyan wọn, ṣùgbọ́n n kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ orí «wọ̀» yẹn mì. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó bá ní ohùn ìsàlẹ̀ a máa bọ́ sí ohùn àárín níwájú àbọ̀ (ohun tí ìṣe náà kàn) tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé wolé-wolé, láti ara wò àti ilé, tí ẹnikẹ́ni kò sọ pé wòlé-wòlé rí. Kí ẹnikẹ́ni má fi kàwé gbè é lẹ́sẹ̀: lára ìwé ni ohùn ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ti wá, inú kò sì ní irú rẹ̀. «Ìwọnú» ni yóò dà, ta ni yóò sì gbọ́ ọ tí kò ní rò pé wíwọ inú ni?

Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n pín irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí a má kọ orúkọ, ṣùgbọ́n kí a kọ irú iṣẹ́ tí à ń ṣe, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ kan ṣoṣo ni a ní. Bàbá awakọ̀ náà da ojú ìwé tiwọn dé orí tábìlì, wọ́n ní, «Inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé.»

Inú nìkan kò sì tó. Ẹ wo WHO-5, ìwé ìbéèrè kékeré lórí bí ọkàn ènìyàn ti rí, tó jáde lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1998: gbólóhùn márùn-ún ni, a ó fi òǹkà láti 0 dé 5 dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, a ó sì fi 4 sọ àpapọ̀ rẹ̀ di púpọ̀. Bí a bá tú u sí Yorùbá tó já gaara: inú mi dùn; ọkàn mi balẹ̀; ara mi yá; mo jí, ara mi fúyẹ́; ohun tó wù mí kún ọjọ́ mi. Ara gba méjì, inú gba ọ̀kan péré, inú ni a wá fẹ́ fi joyè!

Ìyá mi àgbà tí wọ́n ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, kì í rán aláró níṣẹ́ láìbi í pé, «Ṣé àlàáfíà ni?» Ẹni tó bá ní «a dúpẹ́» láìgbójú sókè, kò ní dé ìdí ìkòkò aró lọ́jọ́ náà.

«Òṣùwọ̀n àlàáfíà» ni èmi fara mọ́. Ẹni tó ní ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni àlàáfíà ti wá kò purọ́, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ dá àdúrà àti àlùbọ́sà padà fún wọn ná.