Ta ló ti gun òkè Ṣábẹ̀ẹ́, ta ló ti tukọ̀ lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́? Ẹ wá sọ tẹnu yín

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ní Sátidé tó kọjá, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta gbéra láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè) ní Benin, ọ̀nà tó ju 200 kìlómítà lọ, nítorí òkè lásán. A gùn ún. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń fẹ̀gbẹ́ rìn sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé mi bí alákàn. Ta nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí? Òkè ni o, odò ni o, kẹ̀kẹ́ ni o, ẹ ṣáà máa sọ.

Baba Ìbejì: Aago mélòó lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Mọ́kànlá ààbọ̀.

Baba Ìbejì: Nínú oṣù kẹta! Ṣé ẹ fẹ́ yan ara yín jẹ ni?

Abẹ́ Òkè: Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí, ìdí àpáta yẹn ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yin ará ọ̀sà, ẹ jọ̀ọ́, kílẹ̀ tó mọ́ tán ni kẹ́ ẹ ti wà lókè. Àpáta yẹn máa ń fa oòrùn mu ni. Tó bá fi dọ̀sán, ooru ń bọ̀ lókè, ooru ń bọ̀ nílẹ̀. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ lásán la fi ń gùn ún. Ìyá àgbà wa kì í jẹ́ ká súfèé níbẹ̀, wọ́n ní àwọn tó sá pamọ́ síbẹ̀ nígbà ogun Dàhòmì ò fẹ́ ariwo. Àwa gbọ́, àmọ́ àbúrò mi… ẹ jẹ́ n fìyẹn sílẹ̀. Ibi tí mo ń lọ ni àwọn ìlà dúdú tó wà lójú àpáta, ibi tí omi òjò máa ń ṣàn gbà. Tó bá gbẹ, kò sí wàhálà. Tí òjò bá ti kán sí i pẹ́nrẹ́n, ọṣẹ ni. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn òjò kan nínú oṣù karùn-ún, ìdí ni mo fi délẹ̀. Ṣòkòtò ilé-ìwé mi ya láti ìbàdí dé itan, ọjọ́ ọjà sì ni. Ẹ̀yìn ibùdó rélùwéè ni mo gbà wọlé, mo fi ìwé ìṣirò bo ìdí.

Ṣadé K.: Ìwé ìṣirò náà ṣáà wúlò lọ́jọ́ kan 😂

Ọmọ Kétu Lókè Òkun: Abẹ́ Òkè, ẹ rán mi létí ilé. Vancouver ni mo wà, ní Kánádà. Ìlú kan wà lápá àríwá wa, Squamish, òkè ló yí i ká, òkun wá yọ apá wọ àárín àwọn òkè náà. Howe Sound ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Stawamus Chief ga tó nǹkan bí 700 mítà, akọ òkúta bíi tiyín gan-an. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ ti débí. Àwọn kan ń fi okùn gun ojú ẹ̀. Èmi gba ẹ̀yìn, níbi tí àkàbà àti ẹ̀wọ̀n irin wà, mo dókè, mo sọ̀, kò sí ọ̀rọ̀. Omi lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rẹ́ mi ní ká lọ wa kayak, ọkọ̀ tóóró tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, tó bá ti dọ̀sán, atẹ́gùn máa ń ti ojú òkun fẹ́ wọ àárín òkè. Wọ́n kìlọ̀ fún wa. Fọ́tò la jókòó tì. Ìgbì kan ṣáà ló dà mí sómi. Omi yẹn tutù débi pé mo yanu, ohùn ò jáde. Jilé ló gbé mi léfòó, torí mi ò mọ odò wẹ̀.

Baba Ìbejì: Ọmọ Kétu! Níbo lo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n wẹ̀, nínú ìkòkò? 😂😂

Ṣadé K.: 😂😂😂 Baba Ìbejì, ẹ ò dáa

Alákétu Kékeré: Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Omi ṣọ̀wọ́n ní Kétu tiwa, òru ni màmá mi máa ń jí lọ tò nídìí kànga. Omi tá a fi ṣan ìrẹsì la fi ń fọ abọ́, èyí tá a fi fọ abọ́ ni ewúrẹ́ ń mu. Ta ló máa wá kó sínú irú omi bẹ́ẹ̀ pé òun ń kọ́ wíwẹ̀?

Abẹ́ Òkè: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwa ní Ọpára, a ní Wémè.

Alákétu Kékeré: Ẹ ní odò méjì. Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀?

Abẹ́ Òkè: Ẹ jẹ́ ká padà sórí òkè.

Ṣadé K.: Àǹtí Kánádà, béárì ńkọ́?

Ọmọ Kétu Lókè Òkun: Mo rí dúdú kan, inú mọ́tò ni mo wà, mi ò sì sọ̀. Idì ló pọ̀. Nígbà òtútù wọ́n máa ń wá jẹ òkú ẹja sámọ́nù létí odò ní Brackendale, ní Squamish níbẹ̀. Lọ́dún 1994 wọ́n ka 3,769.

Baba Ìbejì: Ta ló kà á? Ṣé idì tò sórí ìlà ni?

Ọmọ Kétu Lókè Òkun: Àwọn èèyàn máa ń pín ara wọn sétí odò ni, ọdọọdún ni wọ́n ń kà á. Bàbá, ẹ kì í gba nǹkan kan gbọ́.

Atukọ̀ Ọjọ́ Kan: Ẹ gbọ́ tèmi. Aguégués, àwọn abúlé orí omi nítòsí Àjàṣẹ́, nilé àwọn àna mi. Àbúrò ìyàwó mi ń dúró lórí ọkọ̀ igi bí ẹni dúró ní pálọ̀, ó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Mo ní kó gbé ọ̀pá wá. Mo ki ọ̀pá bọlẹ̀, ẹrẹ̀ gbá a mú. Mò ń fa ọ̀pá, ọkọ̀ ń lọ. Ó yẹ kí n fi ọ̀pá sílẹ̀. Ọkọ̀ ni mo fi sílẹ̀.

Baba Ìbejì: Irọ́. Mo mọ̀ ẹ́. Ọ̀pá wo ló máa gbé irú ìwọ?

Atukọ̀ Ọjọ́ Kan: Mi ò sọ pé ó gbé mi pẹ́.

Ṣadé K.: Mo ti kú 😂 Báwo lomi ṣe jìn tó?

Atukọ̀ Ọjọ́ Kan: Àyà. Mo ti ké pe gbogbo ẹbí ìyàwó mi tán kí n tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ti délẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ni o. Tó bá ṣe oṣù kẹsàn-án tí Wémè kún ni, ta ni ì bá gbé mi wọkọ̀?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ó dáa. Oṣù kejìlá, nínú ọyẹ́, aago mẹ́fà àárọ̀, ìdí òkè Ṣábẹ̀ẹ́. Ta ló ń bọ̀? Ta ló máa mú omi dání?

Baba Ìbejì: Ẹ gbé e fún ọmọ Kétu. Ẹ̀kán kan ò ní dànù.

Alákétu Kékeré: Mo gbà. Ife kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi tiẹ̀ ṣanjú, kó máa wo tẹlòmíì.