Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni kí n sọ pé ó mú mi fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì?

Ọmọ Màmá Àgbà:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò rí ẹni bá sọ nílé.

Ọmọ ọdún 26 ni mí, aránṣọ ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé. Mo ti ṣe JAMB, mo tún fisíìsì ṣe ní NECO kí krẹ́díìtì mi lè pé márùn-ún, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan sì ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Gbogbo ẹni tó ti débẹ̀ rí ló ń sọ fún mi pé ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi mí ni ohun tó mú mi fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Ìbéèrè yẹn gan-an ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dáhùn.

Lọ́dún 2021 ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá tó bí màmá mi. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn rọ, ọ̀rọ̀ ò sì já geere lẹ́nu wọn mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí pọ̀, àmọ́ èmi ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà ní pálọ̀, èmi ni mo ń wà nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ìtọ́jú wọn ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lé e lórí. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, èmi ni mò ń pààrọ̀ ìlédìí wọn.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo rí egbò kékeré kan lókè ìdí wọn. Kò tóbi ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Mo ní yóò jinná. Iléyá ti sún mọ́lé, aṣọ oníbàárà kún ilẹ̀, mo ń jókòó sídìí ẹ̀rọ di aago méjì òru, ojú kan náà tí mo tẹ́ màmá àgbà sí nírọ̀lẹ́ ni wọ́n máa wà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, òórùn ló jí mi. Mo yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí egungun.

Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ló gbà wá. Kò bú mi. Ó ní kí n máa wo ọwọ́ òun. Ó kọ́ mi pé omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń fọ irú egbò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe sípírítì. Ó kọ́ mi láti máa yí wọn ní wákàtí méjì méjì, ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí n máa ki ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n jókòó dáadáa kí n tó fi ṣíbí sí wọn lẹ́nu, kí oúnjẹ má bàa ṣìnà wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní kí n má fi ògì nìkan bọ́ wọn, pé ẹyin àti ẹja ló ń kún egbò. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sára ògiri, mo yí aago fóònù mi sí wákàtí méjì méjì tọ̀sán-tòru. Oṣù méje ni egbò yẹn gbà kó tó dí. Ọdún 2024 ni wọ́n tó kú, rọpárọsẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ló mú wọn lọ, awọ ẹ̀yìn wọn mọ́ lọ́jọ́ tí a wẹ̀ wọ́n kẹ́yìn.

Ẹ wá wò ó. Lọ́jọ́ tí mo rí ẹran ara tuntun tó ń hù nínú egbò yẹn, tó pupa, tó ń dán, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ. Mo fẹ́ tún rí irú ẹ̀. Àmọ́ èmi náà ni mo jẹ́ kó dá egbò. Mo ṣì ń rí egungun yẹn lójú oorun. Ṣé ó bójú mu kí n gbé ẹ̀bi wọ iṣẹ́ yìí? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ní irọ́ ni mò ń pa, pé jápá ni mo fẹ́ jápá. Mi ò lè sọ pé mi ò ronú kan owó rí. Kí ni kí n sọ fún wọn níbẹ̀?

Mátíróònù Àná:

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ mo ti jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n fẹ́ pè ọ́ sí yẹn rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ọmọ mẹ́wàá á wọlé, mẹ́sàn-án á ní àwọn fẹ́ràn láti máa ran èèyàn lọ́wọ́, pé iṣẹ́ náà ti ń wu àwọn láti kékeré. Mi ò ní kì í ṣòótọ́. Àmọ́ bí ọmọ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, a kì í rí nǹkan kan bi í mọ́. Ìwọ, bí o bá sọ fún mi pé wákàtí méjì méjì lo fi ń yí ìyá rẹ, màá bi ọ́ pé kí ló dé tó fi jẹ́ wákàtí méjì, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa méjèèjì.

Jẹ́ kí n sọ èyí tí nọ́ọ̀sì àdúgbò yín lè má ráyè sọ fún ọ. Bí aláìsàn bá sùn síbì kan, egungun ìdí á máa tẹ ẹran ara mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá. Ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ò dé, kíkú ló ń kú. Ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ egungun ló sì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, kó tó yọ sójú awọ. Nígbà tí o fi rí èyí tó dà bíi bọ́tìnnì yẹn, ó ṣeé ṣe kí abẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ kí n lè wẹ̀ ọ́ mọ́ o. Ó yẹ kó o pe èèyàn lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ rí i. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì Iléyá yẹn nìkan kọ́ ló dá egbò yẹn, ta ló sì kọ́ ọ nígbà tí wọ́n gbé ìyá kúrò ní ọsibítù wá sílé? Ó yẹ kí ẹnì kan ti fi yíyí hàn ọ́ kí ẹ tó jáde níbẹ̀.

Sọ ọ̀rọ̀ egbò náà fún wọn. Má fi pamọ́. Ibi tó o ti sọ pé "mo ní yóò jinná" yẹn, sọ ọ́ bó ṣe rí. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó ń fi àṣìṣe pamọ́ ni mo ń bẹ̀rù jù. Bí nọ́ọ̀sì bá fún aláìsàn ní oògùn aláìsàn míì, tó sì sáré wá sọ, a máa rí i ṣe. Èyí tó bá dákẹ́ ló ń pa èèyàn.

Nọ́ọ̀sì Ọkùnrin Èkìtì:

Ẹ kú àgbà mà. Mo fara mọ́ ohun tí ẹ wí lórí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá àbúrò wa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀bi yẹn, torí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Àbúrò, aláìsàn kan ṣoṣo lo ní nílé. Lóru ọjọ́ kan, àwa nọ́ọ̀sì méjì la wà ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin, aláìsàn 28. Márùn-ún nínú wọn ò lè yí ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ ń kán fún ẹnì kan, ọ̀kan ń jà kó fa rọ́bà ìtọ̀ rẹ̀ yọ, wọ́n tún gbé ẹni tí ọkọ̀ gbá wọlé ní aago kan. Mo mọ wákàtí méjì yẹn bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ọwọ́ ò ká a. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni bàbá kan nínú àwọn márùn-ún yẹn dá egbò, mo sì mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Wàá rí egungun yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, lára ẹlòmíì, láìjẹ́ pé o sùn. Bó bá jẹ́ ìtanràn lo fẹ́ fi iṣẹ́ yìí san, gbèsè náà kò ní tán láé. Mo rí ọmọbìnrin kan tó dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí gbogbo ẹni tó kú lọ́wọ́ rẹ̀, kò pé ọdún mẹ́ta tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ ju èmi lọ. Torí náà, sọ ìtàn náà fún wọn, àmọ́ kó o tó wọlé, lọ síbi sàréè màmá àgbà, sọ ohun tó o bá fẹ́ sọ fún wọn, kó o fi ẹ̀bi yẹn síbẹ̀. Ẹran ara tó pupa tó ń dán yẹn ni kó o gbé dání wá. Òun ló ń mú èmi padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Mo Ti Kúrò Níbẹ̀:

Ọdún kejì ni mo fi ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Èsì tí mo fún wọn níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, bàbá mi ló kọ ọ́ fún mi, mo há a sórí, ó dùn, wọ́n sì gbà mí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n wẹ aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún ní ilé ìgbẹ́. Ìwọ ti ṣe èyí fún ọdún mẹ́ta láìsí ẹni tó san kọ́bọ̀ fún ẹ, o tún ń béèrè bóyá ìdí rẹ dáa tó?

Ìyá Mànṣẹ́sítà:

Ọmọ mi, èmi fẹ́ sọ ti owó. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì níbí. Owó yìí ló kọ́ ilé ìyá mi, òun ló rán àbúrò mẹ́ta nílé ìwé. Mi ò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Káfíńtà ń gbowó, ìwọ náà ń gbowó aṣọ, ta ló wá sọ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa jẹ afẹ́fẹ́?

Àmọ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ojú ọ̀nà jápá ti gùn. Lóṣù kejì ọdún 2024, Nursing and Midwifery Council of Nigeria gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé òun fún orílẹ̀-èdè míì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ nílé fún ó kéré tán ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn lé e lórí ní Àbújá àti l'Ékòó. Kó o jáde nílé ẹ̀kọ́ ná, ká tó máa ka ọdún méjì yẹn. Ẹni tí nǹkan míì ò bá sí lọ́kàn rẹ̀ ju ọkọ̀ òfuurufú lọ, àárẹ̀ á ti mú un. Ní ti ibi tí mo wà yìí, ìdí àwọn arúgbó ni mo wà ní ọ̀pọ̀ òru, mò ń yí wọn, mò ń pa ìlédìí wọn dà. Iṣẹ́ tó o ti ṣe ní pálọ̀ yín náà ni.

Olùkọ́ Ìtàn:

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo kàn rí i pé àbúrò wa dárúkọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ti pẹ́ jù. Kofowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, tí wọ́n bí l'Ékòó lọ́dún 1915, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù wọ́n, bàbá wọn ò fẹ́ ẹ. Wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ n'Íbàdàn, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ níwèé, wọ́n lọ́kọ. Ọdún 1946 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn tí wọ́n ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Aláìsàn kan kọ̀ níbẹ̀ pé nọ́ọ̀sì dúdú ò ní fọwọ́ kan òun. Wọ́n ṣe é parí. Àwọn ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátíróònù ní UCH Ìbàdàn.

Ìyá Ṣadé:

Àbúrò, ṣó o ti yẹ ilé ẹ̀kọ́ náà wò bóyá ó wà nínú èyí tí ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí? Ọmọ àbúrò mi fi oṣù mẹ́jọ kọ́ "nọ́ọ̀sì" ní kílíníìkì kan, owó ńlá la san, ìwé tí wọ́n fún un ò wúlò níbì kankan.

Ọmọ Màmá Àgbà:

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin òbí mi. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì sunkún díẹ̀. Ìyá Ṣadé, mo ti wò ó mà, ó wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí.

Mátíróònù, mi ò mọ̀ pé inú ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Bọ̀dá Èkìtì, ọ̀rọ̀ yín ló le jù, òun náà ni mo nílò jù. Ìkìrun la sin màmá àgbà sí. Màá wọkọ̀ lọ lọ́jọ́ Àìkú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn rèé: pé mo tọ́jú ìyá mi àgbà, mi ò mọ nǹkan kan, wọ́n dá egbò lọ́wọ́ mi, nọ́ọ̀sì kan kọ́ mi, egbò náà dí lẹ́yìn oṣù méje, mo sì fẹ́ mọ̀ ọ́n débi tí èmi náà á fi lè kọ́ aránṣọ mìíràn ní pálọ̀ rẹ̀ kí egbò tó yọ. Bí wọ́n bá bi mí nípa owó, màá ní mo fẹ́ kó tó mi jẹ. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀ mà?

Mátíróònù Àná:

Ó dáa. Má há a sórí. Mú ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ dání pẹ̀lú ẹ̀dà, gé èékánná rẹ kúrú, wọn á wò ó. Ṣé o ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpatáítìsì B?

Ọmọ Màmá Àgbà:

Rárá mà.

Mátíróònù Àná:

Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń gún un, oṣù mẹ́fà ló ń gbà kó tó pé. Lọ gba àkọ́kọ́ lọ́la.